Ampilifáyà Mẹ́sàn-án àti Ọ̀rọ̀ Kan fún Fadékẹ́mi

Èmi, Jósẹ́fù Ọládàpọ̀ Àlàó Ayẹni, ọmọ bíbí Ìgbẹ́tì, tí mo ti ń gbé ní Ìbàdàn láti ọdún 1974, tí ilé mi wà ní ẹ̀yìn Challenge, tí ṣọ́ọ̀bù mi sì wà ní Dùgbẹ̀ níbi tí mo ti ń tún ampilifáyà gìtá ṣe, ni mo kọ ìwé yìí. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí. Orí mi pé. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi, ẹnikẹ́ni kò sì fún mi ní ọtí mu. Dókítà tó yẹ̀ mí wò lóṣù tó kọjá ní ọkàn mi ń lù lọ́nà tí òun kò fẹ́ràn, ó sì ń wo ojú mi bí ẹni tó ń retí pé kí n bú sẹ́kún. Mo béèrè bí n ó ṣe máa lo oògùn lójúmọ́. Kò sí ohun mìíràn tó wá sí mi lọ́kàn.

Àwọn tí mo yàn láti mú ìhágún yìí ṣẹ ni Agbẹjọ́rò Ọmọ́fẹ́ Láwùmí, tí ọ́fíìsì rẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi, àti Prosper, ọmọ mi ọkùnrin. Kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sókè. Kí wọ́n má fo ibi tí ojú bá ti tì wọ́n.

ÌKÍNÍ. Mo fagi lé ìwé ìhágún tí mo kọ ní ọdún 2015. Nínú ìyẹn, ìjọ ni mo fún ní ìdajì ohun tí mo ní. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé ìfẹ́ Ọlọ́run ló mú mi ṣe é. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ka èyí dé ẹsẹ kẹfà yóò mọ ohun tí mo ń sá fún.

ÌKEJÌ. Ilé oníyàrá mẹ́rin tó wà ní ẹ̀yìn Challenge, mo fún Fadékẹ́mi, ọmọ mi obìnrin, àti Prosper àbúrò rẹ̀, ní dọ́gba-n-dọ́gba. Kí wọ́n má tà á níwọ̀n ìgbà tí ayálégbé wa, Ìyá Ìdùnnú, bá ṣì ń gbé yàrá iwájú. Obìnrin náà ń pariwo, ṣùgbọ́n òun nìkan ló máa ń kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ láti mọ̀ bóyá mo jí.

Àyọ̀ká, ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyí, ló ní kí a kọ́ ilé náà. Ní ọdún 1983 ni mo mọ̀ ọ́n. Ó gbé ampilifáyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ó ní ó ń kùn. Mo ní kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Kò gbà mí ju wákàtí kan lọ láti tún un ṣe. Mo kàn fi í pamọ́ sábẹ́ tábìlì kí n lè tún rí i ni. Nígbà tó padà dé, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ampilifáyà ló bàjẹ́ àbí èmi. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn. Mo kọ ọ́ síhìn-ín nítorí n kò rántí pé mo sọ ọ́ fún un tó.

Ó kú ní ọdún 2009. N kò sunkún níbi ibojì, n kò sì sunkún nílé. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní ọkùnrin ni mí, mo lè mú nǹkan mọ́ra. Wọ́n ṣì mí mọ̀. Ńṣe ni inú mi dákẹ́, bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ ní àdúgbò, tí èèyàn ń retí rẹ̀ títí tó fi bá àìsí rẹ̀ mọ́ra.

ÌKẸTA. Gbogbo irinṣẹ́ mi, ìyẹn mítà méjì, irin mẹ́ta tí mo fi ń yọ́ òjé, àwọn sukurudíráfà, àti àwọn agolo mílíìkì tí mo ṣa àwọn ògbólógbòó tìránsísítọ̀ sí, mo fún Godswill tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi.

Ogún ọdún ni èmi àti Godswill fi jà. Òun ní ampilifáyà tó ní gílóòbù nínú, tó ń pọ́n, tó ń gbóná kó tó sọ̀rọ̀, nìkan ni ampilifáyà. Ó ní ti tìránsísítọ̀ tí èmi fẹ́ràn, tí kò ní gílóòbù kankan, rédíò agbéraga ni. Èmi ní kó gbé ti gílóòbù sẹ́yìn mọ́tò láti Dùgbẹ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́, kó wá ka iye gílóòbù tó kù. Ti tìránsísítọ̀ kì í béèrè pé kí a kọ́kọ́ yá òun lára. Ó ń fara da kòtò, ó ń fara da ooru. Ohùn rẹ̀ gbẹ, ó mọ́. Bí ọwọ́ rẹ kò bá dára lórí gìtá, kò ní bá ọ bò ó. Lọ́jọ́ kan mo pè é ní oníṣòwò gílóòbù lójú oníbàárà rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni a kò fi kíra. Nígbà tí Àyọ̀ká kú, òun ló kọ́kọ́ dé. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ tónítóní, ó sì lọ. Mo fẹ́ kó ṣe ẹlẹ́rìí sí ìwé yìí, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ní ẹni tí yóò gba nǹkan nínú ìhágún kò gbọ́dọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Mo ní kí Godswill yan ọ̀kan. Kò ronú rárá. Ó ní irinṣẹ́ ni òun mú.

ÌKẸRIN. Ampilifáyà mẹ́sàn-án ló jẹ́ tèmi. Kò sí èyí tí kò tó ọgbọ̀n ọdún nínú wọn, gbogbo wọn ló sì ń ṣiṣẹ́. Mẹ́rin jẹ́ ti Prosper, mẹ́rin jẹ́ ti Ìjọ Òkè Ìtùnú ní Ring Road, níbi tí mo ti ń jọ́sìn. Ti ìkẹsàn-án ń bọ̀.

Mo mọ̀ pé Prosper yóò ta tirẹ̀. Báńkì ló ń ṣiṣẹ́ sí, gìtá kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Kó tà wọ́n, ṣùgbọ́n kó má tà wọ́n fún ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń pariwo tó. Ẹni tó mọ ohun tó ń rà yóò kọ́kọ́ gbé imú sí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ohun tó bá ti jóná rí kì í fi òórùn rẹ̀ pamọ́. Yóò yí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ kó tó tàn án, kó lè mọ èyí tó le. Bó bá wá tàn án, yóò dákẹ́, yóò gbọ́ ohun tí ampilifáyà ń sọ nígbà tí kò sí gìtá lára rẹ̀. Bó bá ń ta pàrà bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan, eruku lásán ni. Bó bá ń kùn, ohun tó ń to iná nínú rẹ̀ ló ti gbó, a sì lè pààrọ̀ ìyẹn. Èyí tó dákẹ́ jù, tí kò kùn, tí kò mí, ni kí a bẹ̀rù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo máa ń gbé ti Japáànù kékeré sórí àga, n ó ta okùn gìtá kan ṣoṣo, n ó sì tẹ́tí sí i títí ohùn náà yóò fi tán. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń mú mi rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń ṣe é.

ÌKARÙN-ÚN. Ewúrẹ́ mi, mo fún Ìyá Ìdùnnú. Ewúrẹ́ náà ti jẹ ara wáyà ampilifáyà mẹ́ta, ohunkóhun kò sì ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má pa á níbi òkú mi.

ÌKẸFÀ. Ampilifáyà kẹsàn-án, ti Amẹ́ríkà, aláwọ̀ eérú, mo fún Fadékẹ́mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé. Kó tó gbà á, mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ ohun tí mo ṣe.

Ní ọdún 2010 ni mo rà á ní tòkunbọ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi tún un ṣe, mo sì fún ìjọ. Wòlíì ìjọ wa wọ́n omi sí i, ó ta òróró sí i lórí, ó yà á sí mímọ́. Èmi ni olùtọ́jú ohun èlò orin nígbà náà. Nínú ìjọ wa, ohun èlò tí a bá ti yà sí mímọ́ ti kúrò ní nǹkan lásán. Ẹni tó bá bà á jẹ́ yóò kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, pẹ̀lú àbẹ́là títàn lọ́wọ́, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ kí wọ́n tó gbàdúrà fún un. Fadékẹ́mi ló ń ta gìtá nínú ìjọ nígbà náà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Èmi ni mo kọ́ ọ láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ti mọ̀ ọ́n ta jù mí lọ.

Ampilifáyà náà ní súíìṣì kan lẹ́yìn. Apá kan wà fún iná Amẹ́ríkà tó kéré, apá kejì wà fún iná tiwa tó pọ̀. Gbogbo àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn la mọ ohun tí a máa ń ṣe nígbà tí iná NẸ́PÀ kò bá kún, tí gílóòbù ilé kàn ń pọ́n bí epo. A ó yí súíìṣì sí apá iná kékeré, ampilifáyà yóò sì máa kọrin. Kò dára, gbogbo wa ló ń ṣe é, gbogbo wa la sì máa ń dá a padà. Ní Sátidé tó ṣáájú ìkórè ọdún 2011, iná kò kún níbi ìgbáradì. Mo yí i. Kí àwọn ọmọdé tó ń to àga má baà fọwọ́ kàn án, mo fi téèpù dúdú bò ó. Ni wọ́n bá pè mí síta pé kí n wá wo sípíkà tó wà lábẹ́ àtíbàbà. Mo lọ, n kò sì rántí mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, jẹnẹrétọ̀ ńlá ni a fi ṣe ìkórè, iná rẹ̀ sì kún dáadáa. Fadékẹ́mi tan ampilifáyà fún orin àkọ́kọ́. Ó dún lẹ́ẹ̀kan. Èéfín jáde níwájú gbogbo àlejò.

Wọ́n ní ìwàǹwára ọmọ ayé òde òní ni, wọ́n ní ó yí i sókè jù. Ní ọjọ́ Túsìdeè, mo ṣí i ní ṣọ́ọ̀bù, mo ká téèpù mi kúrò, mo rí i pé súíìṣì ṣì wà ní apá iná kékeré. Mo ní n ó sọ fún Wòlíì lọ́la. Mo sọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin títí ọjọ́ Ìsinmi fi pé. Ọmọ mi kúnlẹ̀. Ó ní òun ba ohun èlò Olúwa jẹ́, òun kò mọ bí òun ṣe ṣe é. Orí ìjókòó kẹta ni mo wà, mo wọ sùtánà funfun, ọwọ́ mi wà lórí itan. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, ó wọ́, mo ń wò ó. Láti ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń wá ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ náà, n kò rí nǹkan kan. Mo rí i tí àbẹ́là ń kán sí i lọ́wọ́. Ohun tí mo rò ni pé yóò ṣòro láti yọ ọ́ kúrò lára kápẹ́ẹ̀tì.

Kò fọwọ́ kan gìtá mọ́ láti ọjọ́ náà. A kò jà. Ó ń ra oògùn fún mi, ó ń kí mi bí ọmọ ṣe ń kí bàbá. Ṣùgbọ́n bó bá dé ṣọ́ọ̀bù mi, ìta ni yóò dúró sí nínú oòrùn. Títí dòní, àwọn kan nínú ìjọ ṣì ń pè é ní ọmọ tó jó ampilifáyà.

Ìjọ kò fẹ́ ampilifáyà náà mọ́, wọ́n ní kí n máa mú un lọ, mo sì tún un ṣe ní ọdún tó tẹ̀lé e. Mo yọ súíìṣì náà dànù. Mo pàṣẹ pé ní ọjọ́ ìkórè tó bá tẹ̀lé ikú mi, kí wọ́n ka ẹsẹ kẹfà yìí sókè níwájú pẹpẹ, kí Fadékẹ́mi sì wà lórí ìjókòó.

ÌKEJE. Mo yí àṣẹ tó wà ní ẹsẹ kẹfà padà. Kí wọ́n má dúró de ikú mi. Ọ̀la ni ìkórè. Èmi fúnra mi ni n ó kúnlẹ̀ tí n ó sì kà á. Kí Prosper dì mí mú ní apá kan, nítorí orúnkún mi kò dára. Bí mo bá kú kí ilẹ̀ tó mọ́, kí òun kà á.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí Agbẹjọ́rò Ọmọ́fẹ́ tẹ ẹsẹ kẹfà tán láàárọ̀ yìí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ ò tíì kú o. Mọ́tò kan péré ló máa gbé yín dé Olúyọ̀lé.” Ó gbé fóònù síwájú mi, ó sì jáde. Mo pe Fadékẹ́mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe kọ ọ́ sókè yìí. Nígbà tí mo parí, ó ní òun mọ̀. Ó ní òun padà wá mú ìwé orin ní Sátidé yẹn, òun sì rí mi tí mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ampilifáyà, tí mo ń lẹ téèpù. Òun gbà pé n ó ti dá a padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo béèrè ìdí tó fi wá kúnlẹ̀. Ó ní ṣé mo rántí bí òun ṣe rọra rìn lọ síbi pẹpẹ lọ́jọ́ náà, tí àwọn kan ń sọ pé ìgbéraga ni. Ó ní òun ń dúró dè mí ni. Ó ní ó dá òun lójú pé n ó dìde kí orúnkún òun tó kanlẹ̀.

Mo fọwọ́ sí ìwé yìí ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, ní Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

J. Ọ. À. Ayẹni

Àwọn tó wà níbẹ̀ tí wọ́n sì rí i bó ṣe fọwọ́ sí i:

Níyìolúwa Àyàntúndé, oníṣòwò wáyà, Dùgbẹ̀
Ọmọ́bọ́láńlé Ìṣọ̀lá, akọ̀wé ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò