Iyanrìn Inú Àpáàdì Ló Tú Àṣírí Mi

Ẹ̀gbọ́n mi Vasemaca,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara le? Ọkọ yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá yín lórí ìjókòó, torí ohun tó wà nínú ẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń dúró kà. Èmi Ropate ni o, àbúrò yín tó rẹwà jù ní gbogbo etíkun. Ẹ má wo ìkọ̀wé mi, ẹnu ni mo fi ń jẹun, kì í ṣe bírò.

Wọ́n ní ẹ ti búra pé ẹ ò ní bá Bàbá sọ̀rọ̀ mọ́, pé ó tan ìgbìmọ̀ ilẹ̀ jẹ, ó kó ìtìjú bá yín ní Suva níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni.

Ẹ mọ̀ pé àwa àti ìdílé Bàbá Nemani ń fa ilẹ̀ etíkun tí ibojì Màámi wà. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n gbẹ́ ìdí ilé wa àtijọ́ tó wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá rí ìkòkò àwọn ìyá-ńlá wa, tiwa ni. Wọ́n gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ méjì, wọn ò rí nǹkan kan. Mo wá ní orí tèmi ló máa gba ilé là. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí mo ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ìkarawun fún àwọn òyìnbó ní Sigatoka? Àpáàdì àtijọ́ kún orí òkìtì iyanrìn ẹnu odò ńlá ibẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Mo ti kó àpò kan wálé láti fi ṣòwò. Nígbà tí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ lọ jẹun, mo dà á sínú kòtò, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n pariwo, "A ti rí i!" Mo jó. Mo ní, "Àwọn ìyá-ńlá wa fọ́ ìkòkò ju bí wọ́n ṣe se ọbẹ̀ lọ!" Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín.

Mísì Torika tó ń yẹ ìkòkò wò kó gbogbo ẹ̀ lọ sí Suva. Mo rò pé ojú lásán ló máa fi wò ó. Àṣé ó máa rẹ́ ẹ, ó máa lọ̀ ọ́ títí á fi fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, á wá fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá ka iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ amọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó padà dé, ó bi mí níwájú ìgbìmọ̀ pé, "Ropate, ṣé erékùṣù yín lódò?"

Mo ní, "Odò kẹ̀? Omi òjò là ń mu!"

"Odò ńlá ló gbé iyanrìn tó wà nínú ìkòkò yín wá."

Ó wá ní àpáàdì mẹ́ta wà láàárín wọn tí iyanrìn wọn dúdú bíi ti etíkun wa gan-an. "Mẹ́ta yẹn ìbá tó. Àmọ́ ta ló máa gbà wọ́n gbọ́ báyìí?" Ká ní mo fi sùúrù ọjọ́ kan péré ṣe!

Èmi tí mo lè ta omi òkun fún ẹja, ẹnu mi kú. Bàbá ló dìde. Ó ní, "Èmi ni mo sin ín síbẹ̀."

Ìgbìmọ̀ gba ilẹ̀ fún ìdílé Bàbá Nemani, ṣọ́ọ̀ṣì sì yọ Bàbá nípò díákónì. Ó gbé eyín àbùùbùtán lọ kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà Bàbá Nemani, láti fi tọrọ àforíjì bí àṣà ilẹ̀ wa. Wọ́n fi í sílẹ̀ sínú òjò látàárọ̀ títí agogo ìrọ̀lẹ́ fi dún kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Bàbá Nemani ń kígbe látinú ilé, "Àgbà amọ̀kòkò, ṣé òjò ò tíì yọ́ ẹ ni?" Mo fẹ́ lọ kúnlẹ̀ dípò ẹ̀, ó ní, "Padà sílé. Ta ló máa fọmọ fún ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní ọ̀dàlẹ̀? Èmi ti fẹ́yàwó tèmi."

Àtìgbà yẹn ló ti ń húkọ́. Nọ́ọ̀sì ní omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. Kò jẹun mọ́. Bí ọkọ̀ ojú omi bá ti fọn fèrè, á ní, "Ẹ wò ó bóyá Vase wà nínú ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá ọkọ̀ Ọjọ́bọ̀ wá. Èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí, mo gbà. Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín lójú òkun, kó má sì jẹ́ kí ẹ pẹ́ jù.

Èmi àbúrò yín tó ba ilé jẹ́,
Ropate.

Ẹ tún gbọ́: Bàbá mú mi búra pé mi ò ní sọ. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ fi ìwé yìí sílẹ̀ fún ọkọ yín, kó kà á sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará wa ní Suva. Kó pe orúkọ mi ketekete. Ní tibí, mo máa dìde jẹ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, bóyá Bàbá ṣì wà láyé láti gbọ́, bóyá kò sí.