Ilà Pélé Lójú Obìnrin Sítáǹpù

Banjul, Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹrin, 1975

Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ fi ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ àwòrán ṣẹ̀sín lónìí. Ọ̀gá ya obìnrin tó gbé igbá ẹ̀pà dání, kí wọ́n lè fi ṣe sítáǹpù tuntun. Akọ̀wé fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà.

"Bàbá, ta ló kọ ilà fún ìyá ẹlẹ́pà wa? Gáńbíà la wà o, kì í ṣe Ọ̀yọ́!"

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Mo sọ fún wọn pé ojú olóògbé ìyá ọ̀gá mi nìyẹn, kí wọ́n má fi rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé dá mi lóhùn:

"Ará oko, ẹ ha á kúrò kó tó di ọ̀la, àbí kí ẹ gbé e lọ kọ́ sílé ìyá yín."

Mo ti rí ilà yẹn látọjọ́ tí ọ̀gá ti yà á. Mo dákẹ́, n kò kìlọ̀ fún un, nítorí pé mo fẹ́ràn ilà náà. Ìdákẹ́ òmùgọ̀.

Nígbà tí a délé ní Dippa Kunda, ọ̀gá gbé abẹ fún mi. Mo rọra ha tàdáwà náà kúrò, ilà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọn títí.

"Ta nìyí?"

"Obìnrin ẹlẹ́pà ni, ọ̀gá."

Ó ní kí èmi nìkan gbé e lọ sílé ìfìwéránṣẹ́ lọ́la, pé òun ò mọ obìnrin náà rí.