Máṣíìnì Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbé Ṣubú

Akọ̀wé mi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń pariwo yẹn ti rọlẹ̀ díẹ̀? Ẹnu tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ láìdáa níbi iṣẹ́, ikọ́ ni yóò máa gbé e, kò ní ráyè sọ̀rọ̀. Àmín. Tí o bá ń béèrè wa, ara wa le, àyàfi orúnkún mi tó máa ń dún bí ilẹ̀kùn tí a kò fi epo sí, ewúrẹ́ wa sì ti bí ìbejì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun, ìyá wọn ò sì jẹ́ kí n sún mọ́ wọn, bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ gbé wọn lọ.

Mo mọ̀ pé inú rẹ ò lè dùn. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o ti ń pe ìyá rẹ tí kò gbé fóònù. Èmi náà gbìyànjú láti fi fóònù tèmi bá ọ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n obìnrin kan ló máa ń gbé e, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹni tí mo ń pè kò ṣeé bá sọ̀rọ̀. Mo kí i, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́ kó bá mi jí ọ tí o bá ń sùn, kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún ń sọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ jọ ń gbé yàrá ni, bá a wí, kò níwà. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ohun tó ń bí ìyá rẹ nínú ni máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. O rántí pé nígbà tí o wá kí wa, o jókòó sídìí rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, o gán etí síkẹ́ẹ̀tì rẹ, o sì padà lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Ajé, ìyá rẹ gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀, nígbà tó sì máa fi dé, ọrùn máṣíìnì ti ṣẹ́. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní wọ́n ti ba máṣíìnì jẹ́. Ó ní ta ni ń jẹ́ wọ́n nínú ilé tó jẹ́ pé àwa méjì péré àti ewúrẹ́ ló wà níbẹ̀. Mo wúkọ́. Ó wá rántí pé ìwọ lo lò ó kẹ́yìn, ó ní ọmọ òun ba ohun tí òun fi ń jẹun jẹ́, ó fi aṣọ bò ó, ó bá tiẹ̀ lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo tún wúkọ́. Láti ọjọ́ náà, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló fi ń ránṣọ.

Má rò pé mo kàn jókòó lásán o. Mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà, ọ̀sán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, lọ́dọ̀ Ìyá Tíṣà tó fẹ̀yìntì, ẹni tó kọ́ ìwọ náà ní ìwé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló kọ́ wa pé ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà méjì ni èèyàn lè gbà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. O lè fi ẹni tó ṣe é ṣíwájú, kí o ní bàbá fọ́ àwo. O sì lè fi àwo ṣíwájú, kí fífọ́ tẹ̀ lé e, kí o gbé bàbá jù sẹ́yìn, tàbí kí o yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ pátápátá, ọ̀rọ̀ náà á ṣì pé. Akọ̀wé mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n ò tíì rí èdè tó lójú àánú tó bẹ́ẹ̀. Àwo ti fọ́, bàbá sì ń jẹun lọ ní tiẹ̀. Ìyá Tíṣà ṣì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó ní tí a bá mọ ẹni tó ṣe é, tí ó sì yẹ kí àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n, kí á fi í ṣíwájú; ìgbà tí a ò bá mọ̀ ọ́n, tàbí tí mímọ̀ rẹ̀ ò bá tu irun kankan, la máa ń lo ìkejì. Etí kan ni mo fi gbọ́ ìyẹn, ọkàn mi ti wà lọ́dọ̀ máṣíìnì.

Àwọn tó tà á fún ìyá rẹ ṣèlérí pé tó bá bàjẹ́ kí ọdún kan tó pé, àwọn yóò tún un ṣe. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù kan, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sì béèrè níbẹ̀ bó ṣe bàjẹ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi kọ ìlà kan. Mo fi máṣíìnì ṣíwájú, mo ní ó di jíjù sílẹ̀, mo wá fi àmì ìdúró dí i lẹ́yìn gbọin-gbọin kí ẹnikẹ́ni má bàa tún gba ibẹ̀ wọlé. Nísàlẹ̀, wọ́n fi ibì kan sílẹ̀ fún ọ́fíìsì nìkan. Mo rò ó pé ọ́fíìsì ò lọ́wọ́ tí yóò fi kọ̀wé, mo bá a kọ ọ́, mo ní ó dára, kí wọ́n tún un ṣe kíákíá.

Èsì dé. Ìyá Tíṣà tú u fún mi, ó ní fọ́ọ̀mù mi ti di gbígbà, ọ̀rọ̀ mi ti di yíyẹ̀wò, ìpinnu sì ti wáyé pé máṣíìnì náà kò ní di títúnṣe. Mo ní ta ló gbà á, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, ta ló pinnu? Ó ní wọn ò sọ. Kò sí orúkọ nísàlẹ̀, òǹtẹ̀ nìkan ni. Inú bí mi débi pé mo gbé máṣíìnì sínú àpò, mo wọ ọkọ̀, mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn.

Obìnrin tó jókòó nídìí fèrèsé ní kì í ṣe òun, ó ní òkè ni ìwé náà ti wá. Mo gun àtẹ̀gùn. Àwọn tó wà lókè ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, orúnkún mi kọ̀ jálẹ̀, mo jókòó sáàárín àtẹ̀gùn, máṣíìnì lórí itan mi, mo ń gbé àwọn tí n ò mọ̀ ṣépè lábẹ́nú. Ọkùnrin tó ń gbá àtẹ̀gùn náà wá bá mi, ó wo máṣíìnì, ó ní bàbá, ta ló jù ú sílẹ̀? Nínú gbogbo ilé ńlá yẹn, òun nìkan ló béèrè èèyàn lọ́wọ́ mi. Ẹnu mi yá ju èmi fúnra mi lọ, mo ní èmi ni. Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti ògiri, ó ní ọdún mọ́kànlá rèé tí òun ti ń gbálẹ̀ níbẹ̀, òun ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Bẹ́ẹ̀ ni o, ọmọ mi. Èmi ni. Kọ́bọ́ọ̀dù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ló gba orí tábìlì iṣẹ́ káfíńtà mi lọ́jọ́ Ajé yẹn, pákó kan sì wà tí mo fẹ́ fá. Mo rí i pé tábìlì máṣíìnì tẹ́jú, mo tú orí rẹ̀, mo gbé e, ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo dá a padà, mo fi aṣọ bò ó, mo lọ jókòó síta bí àlejò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, èmi náà ni mo tún fọwọ́ ara mi wọ́ orí ọmọ. Ó dùn mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wo fóònù ìyá rẹ tó ń dún lórí tábìlì, tí orúkọ rẹ ń tàn lójú rẹ̀, tí mo ń wúkọ́. Kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà, ìwọ ọmọ mi ni mo sì lọ gbé e pa mọ́ sí lórí. Ohun tí mo torí ẹ̀ ń bínú sí ọ́fíìsì, òun gan-an ni mo ṣe sí ọ. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi.

Nígbà tí mo kọ ọ́ débí, mo pe ìyá rẹ, mo kà á sí i létí látòkè. Ó ń gán aṣọ lọ, kò gbójú sókè. Mo parí, ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ kejì, eruku pákó ọwọ́ mi ló kún abẹ́ aṣọ tí mo fi bò ó, òun ò sì tíì rí télọ̀ tó ń fági. Ó ní fóònù aládùúgbò lòun fi ń bá ọ sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ gbìmọ̀ kí tòun máa dún lójú mi, kí ẹ wo ọjọ́ tí ikọ́ mi máa san. Há, Akọ̀wé! Ìwọ náà! Àdúrà tí mo gbà nípa ikọ́ lókè lẹ́tà yìí, àṣé orí ara mi ni mo ń gbà á lé.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Mo ti ta kọ́bọ́ọ̀dù náà, ṣùgbọ́n kò tó ra ọrùn máṣíìnì tuntun. Jọ̀ọ́, bá wa wá ìyókù, má sì fi sí báńkì o, torí gbogbo ìgbà tí owó bá ti wọlé ni fóònù máa ń gba ìwé pé wọ́n ti yọ díẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó yọ ọ́ kì í sì í fọwọ́ sí i. Fi rán èèyàn tó ní ojú àti orúkọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Ẹrù ẹlẹ́rù kò ní bọ́ sí ọ lórí mọ́, ìbáà jẹ́ bàbá rẹ ló gbé e wá. Mo ti kọ ọ́ síbí pé wọ́n ti dárí jì mí. Ìyá rẹ gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fagi lé e, ó ní ta ni ń jẹ́ wọ́n, ó ní kí n kọ ọ́ dáadáa pé òun, ìyá rẹ, ni ó dárí jì mí. Ó wá ku tìrẹ. Tí o bá ń kọ èsì, má kọ ọ́ bíi ti ọ́fíìsì, fi ara rẹ ṣíwájú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Èmi ni mo jù ú sílẹ̀.