Ìlà Òkè Tí Akọ̀wé Fò

Adó, Ọjọ́rú, oṣù Kẹfà, 1978

Bùnmi, bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni kí o kọ ọ́.

Inú ń bí mi. Orúkọ àwọn ọmọ mi tí o bá mi kọ fún àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì, akọ̀wé ìjọ ti tẹ nọ́ńbà sí i. Irin òǹtẹ̀ kan ló gbé bọ̀ láti ọ́fíìsì. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lójú ìlà ni nọ́ńbà ń yí síwájú fúnra rẹ̀.

Mo ní, "Akọ̀wé, a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ! Ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Kí wòlíì má baà fo ẹnikẹ́ni nínú àdúrà ni."

Òun gan-an ló fò! N ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ ìlà òkè tí mo ní kí o fi sílẹ̀ lófìfo, ti àkọ́bí mi tó kú kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Dúpẹ́ tí mo bí tẹ̀ lé e ló fi ṣe kìíní. Ó sọ àbúrò di ẹ̀gbọ́n!

"Màmá, kò sí nǹkan níbẹ̀."

Ó ní kò sí nǹkan, lójú èmi tí mo fi ọjọ́ méjì rọbí rẹ̀!

Bùnmi, ò ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀: n ò fẹ́ kó kà wọ́n, n ò sì fẹ́ kó fo ẹnì kan. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ulé.

Mú ìwé mìíràn. Má fi nọ́ńbà sí i. Fi àyè sílẹ̀ lókè, kó fẹ̀ tó ibi tí ọmọ tuntun lè sùn sí.