Ilé Iná Tí Wọ́n Sún Lórí Imú

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Mo dé. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn wọ inú òkun bí imú — Imú náà ni gbogbo ayé ń pè é. Òkun lápá ọ̀tún, òkun lápá òsì. Ó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí ọkọ̀ ti ń fọ́ síbí. Ọkọ̀ ńlá ò tilẹ̀ gba ibẹ̀ mọ́. Wọ́n fẹ́ ṣí ọ̀nà náà padà ni ilé iṣẹ́ máàpù wa ṣe ní kí n wá tún máàpù òkun rẹ̀ yà. Mo ti rí i lórí ìwé, mi ò dé ibẹ̀ rí. Ara mi ò balẹ̀. Mi ò mọ ìdí.

Ọjọ́rú, 5
Ọlọ́kọ̀ tó ń gbé mi kiri tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Tí mo bá fẹ́ wọkọ̀, á na ọwọ́, á gbá mi mú bí ẹni gbá ẹyin mú. Lónìí a wọn Eyín, àpáta tó fara pamọ́ sábẹ́ omi níwájú Imú. Mo ju okùn olójé tí a fi ń wọn jíjìn omi sómi nígbà ogójì. Ó ní, “Aǹtí Oníwọ̀n, ṣé omi yìí ò ní tán kí ẹ tó wọ̀n ọ́n tán?” Mo rẹ́rìn-ín.
Ó wá ní ibẹ̀ ni bàbá òun kú sí, lọ́dún méjìlélógún sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá òun ló ń tukọ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye epo tó kù nínú ẹ́ńjìnì.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ẹ̀gbọ́n náà wà láàyè. Afọ́kọ̀ ni wọ́n ń pè é. Mo rí Ọlọ́kọ̀ tó ń kọjá níwájú ilé rẹ̀. Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọmọ kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára kùkùté.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo lọ kí àgbà náà; Bàbá ni mo pè wọ́n. “Wọ́n ní mo sùn. Ta ló ń sùn níwájú Eyín? Ìlà inú máàpù ni mo tẹ̀ lé.” Máàpù náà wà lábẹ́ ibùsùn, ohun kan ṣoṣo tó bá wọn jáde nínú omi. Wọ́n ní kí n gbé e lọ yẹ̀ wò. Wọ́n ní ohun tí àwọn ń fẹ́ kò ju kí ọmọ àbúrò àwọn kí àwọn lẹ́ẹ̀kan kí ikú tó dé.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Òjò. Máàpù wà lórí tábìlì, mò ń rìn yí i ká.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Mo ti rí i. Kí n là á yé ara mi dáadáa.
Àmì méjì ni atukọ̀ ń wò: ilé iná etí bèbè tó ń tànmọ́lẹ̀ fún ọkọ̀, àti òpó funfun orí òkè lẹ́yìn rẹ̀. Tí méjèèjì bá tò léra gẹ́lẹ́, ojú ọ̀nà ló wà. Ìlà dúdú ló fi í hàn nínú máàpù. Ṣùgbọ́n òkun ń jẹ bèbè. Ọdún kan ṣáájú ìjàǹbá, wọ́n wó ilé iná, wọ́n tún un kọ́ ní ọgọ́ta ìgbésẹ̀ sápá àríwá. Wọn ò sún òpó. Látìgbà náà, ẹni tó bá to àmì méjèèjì léra, orí Eyín ló ń lọ.
Iṣẹ́ méjì ló yẹ kí ilé iṣẹ́ wa ṣe: sún ilé iná lórí máàpù, pa ìlà rẹ́. Ọ̀kan ni wọ́n ṣe. Ìlà dúró.
Ẹni tó bá tún máàpù ṣe gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà méjì orúkọ rẹ̀ sígun ìsàlẹ̀. Iyọ̀ bo ibẹ̀. Mo fi òwú tútù nù ún.
Lẹ́tà tèmi ni.

Ọjọ́rú, 12
Ọdún kìíní mi lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò tilẹ̀ rántí ọjọ́ náà. Mo pe ọ̀gá. “Ẹni tó kú ti kú. Ya tuntun, kó o máa bọ̀.” Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 13
Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti sọ fún Bàbá. Wọ́n bi mí pé, “Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ nígbà yẹn?” Mo ní mẹ́tàlélógún. Wọ́n ní, “Ọmọdé.”
Mo fi ìlà náà han Ọlọ́kọ̀. Ó ká máàpù, ó gbé e lọ. Kò pè mí ní Aǹtí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Mo ti fi ìròyìn àṣìṣe náà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́. Orúkọ mi wà níbẹ̀ ní kíkún.
Mo dé etíkun láti padà sílé. Èèyàn méjì ló wà létí ọkọ̀. “Bàbá, ẹ rọra, ibẹ̀ ń yọ̀.” Ohùn Ọlọ́kọ̀. Bàbá wọkọ̀, wọ́n jókòó, máàpù lórí itan wọn.
Ó kan èmi. Ọlọ́kọ̀ ò na ọwọ́. Ó kọjú sí ẹ́ńjìnì.
Bàbá ló na ọwọ́ sí mi.