Ẹ̀dọ̀ Tí Mo Gbé Fún Wọn Kò Rà

                                        Ẹ̀yìn Ọjà Ẹran,
                                        Khadki, Pune.
                                        27 Oṣù Keje, 2014.

Bhiva, ọ̀rẹ́ àtọmọdé mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ìwọ nìkan ló kù tó mọ ibi tí mo ti ń bọ̀. Ọ̀dá ọdún 1972 lé wa kúrò lábúlé, a fọ́ òkúta lójú títì, a jẹ ọkà pupa tí wọ́n fi ń bọ́ ẹran ọ̀sìn nílùú òyìnbó. Mo sun ibùdókọ̀ ojú irin fún oṣù mẹ́rin, ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. Ìwé kejì ni mo kà mọ, síbẹ̀ kò sí alápatà tó tó mi ní gbogbo Khadki. Èmi yìí ni ẹnì kan wá ń pè ní ọ̀bùn.

Dókítà Pethe ni, ọ̀gá Vaijayanti ọmọ ọmọ mi níbi ìwádìí. Nínú ara èèyàn àti ẹranko, àwọn yàrá tíntìntín kan wà tó ń pèsè agbára. Ihò wà lára awọ wọn tó ń ṣí tó ń pa dé bí ilẹ̀kùn, pùròtéènì ni ilẹ̀kùn ọ̀hún. Ọmọ náà ń yọ ojúlówó rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ mi, wọ́n sì ń mú kí kòkòrò àìfojúrí ṣe irú rẹ̀ nínú ìgò, kó lè fi méjèèjì wéra. Ọdún mẹ́ta ló fi múra, àyẹ̀wò àṣekágbá ló kù. Lọ́jọ́rú tí wọ́n ṣe é, ti inú ìgò ṣí, ó sì pa dé. Ojúlówó tiwa dákẹ́ lọ gbári. Ni Pethe bá ní ẹ̀dọ̀ alápatà ti rà kó tó dé, kí ọmọ náà pa ojúlówó rẹ́, kó kọ ti ìgò nìkan. Ìdajì ìwé oyè rẹ̀ nìyẹn, Bhiva.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo pa ewúrẹ́ náà. A ò fún un lóúnjẹ mọ́jú, bí wọ́n ṣe fẹ́. Ẹ̀dọ̀ gbígbóná ni mo tẹ̀ sínú yìnyín, n ò jẹ́ kí òróòro kàn án, mo sì fi ránṣẹ́ sí wọn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo lọ bá wọn, mo ní kí wọ́n gbé èyí tó ṣẹ́kù wá. Kò rùn. Àmọ́ mo ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, ó wọlé wọ̀ọ̀, omi ẹ̀jẹ̀ sì ń sun. Ẹ̀dọ̀ tó ti dì bí òkúta rí ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Yìnyín kàn ń mú un tutù ni, dídì ló ń ba ilẹ̀kùn inú rẹ̀ jẹ́.

Mo ní, "Dókítà, ta ló ti ẹ̀dọ̀ yìí sí fìrísà?"

Ó ní, "Bàbá, ọ̀bẹ lẹ mọ̀. Ẹ fi ìmọ̀ sílẹ̀ fún àwa tó kàwé."

Mo ní, "Àtàǹpàkò mi ò kàwé lóòótọ́, ó sì mọ̀ pé irọ́ lẹ ń pa."

Shalini tó ń bá wọn fọ ìgò ló tú àṣírí. Ọjọ́ ààwẹ̀ Ekadashi ni Ìṣẹ́gun yẹn. Pethe ò fẹ́ fojú kan ẹran lórí tábìlì, ló bá ní kí wọ́n tì í sí fìrísà di ọjọ́ kejì. Vaijayanti wà ní Mumbai lọ́jọ́ náà, kò mọ̀. Ààwẹ̀ ò burú, èmi náà ń gbà á. Kéèyàn wá gbé ẹ̀bi rẹ̀ ka ẹlòmíì lórí ló burú. Irọ́ sáré láti Ọjọ́rú, òtítọ́ bá a lọ́jọ́ Ẹtì. Síbẹ̀ ọkùnrin yìí ò tijú. Ó ní òun ò ní gbà, àfi tí ojúlówó bá ṣí lójú òun.

Bá mi kí àwọn ará abúlé wa, Mhaswad, tó bá ṣì rántí mi. Sọ fún ìyàwó rẹ pé ata rẹ̀ dé, ó sì ta dáadáa.

Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni n ó gbé ẹ̀dọ̀ wọlé. N ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì wọn, ẹnikẹ́ni ò ní lé mi jáde títí àyẹ̀wò yóò fi parí. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá ṣí, Pethe yóò bẹ ọmọ mi níṣojú gbogbo wọn. Bí kò bá ṣí, n ò ní pa ẹran mọ́ láyé mi.

Èmi ni tìrẹ tọkàntọkàn,
Kondiba Ghodke.