Ọ̀rọ̀ Dídín ní Họ́ńkọ́ńgì

Ìyá mi, koko lara mi le, ẹ má dààmú.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé ṣé lóòótọ́ ni Fok, tá a jọ ń se oúnjẹ, máa ń nu bàtà ọ̀gá wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ èdè Hákà nílé ò lè mọ̀. Ní ìgboro Họ́ńkọ́ńgì, ẹni tó ń nu bàtà ni ẹni tó ń pọ́n ọ̀gá lé láìnítìjú. Ọ̀gá dín ìrẹsì lọ́jọ́sí, ó jóná. Fok fà á símú: "Áà, ọ̀gá, òórùn yìí mà dùn o!" Ọ̀dẹ̀ lásánlàsàn!

Èmi ní, "Ajá ò ní jẹ ẹ́." Ọ̀gá ní òun máa dín mi. Dídín tiwọn náà ò kan epo o, kí wọ́n léèyàn kúrò níbi iṣẹ́ ni. Ẹ má bẹ̀rù, ariwo ló fi ń ṣayọ̀.

Mo ń sun oorun ọ̀sán dáadáa báyìí. Fok ló wà nídìí ààrò mi, kó máa nu bàtà fún iná.

Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n Moi-Yin. Táwọn aládùúgbò bá bèèrè iṣẹ́ mi, ẹ ní ọ̀rọ̀ dídín ni. Ẹ ò purọ́.

Ọmọ yín,
Kin-Sang